Owó ìjọba, orúkọ ìjọ: ta ló ni ilé-ìwé náà gan-an?

Ọmọ Ìgbómìnà

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí ìjọba tuntun bá ti gorí àlééfà ní ìpínlẹ̀ kan, àwọn ìjọ á dìde pé kí wọ́n dá ilé-ìwé àwọn padà. Àwọn kan fẹ́ gbà á tán pátá, kí wọ́n máa fi owó ara wọn ṣe é. Èyí kò kàn mí. Àwọn kejì ló ń kọ mí lóminú, àwọn tó ní kí ìjọba máa san owó oṣù tíṣà lọ, ṣùgbọ́n kí ìjọ máa yan ọ̀gá ilé-ìwé, kí ìjọ máa sọ irú àdúrà tí wọn ó gbà láàárọ̀ àti aṣọ tí ọmọ ó wọ̀. Owó Mùsùlùmí, owó Kìrìsìtẹ́nì, owó oníṣẹ̀ṣe, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú àpò ìjọba. Ṣé ó tọ́ kí irú owó bẹ́ẹ̀ máa gbé ilé-ìwé ẹ̀sìn kan ró? Ẹ má fi ìbínú dá mi lóhùn. Ẹ sọ bó ṣe ń rìn, ibi tó ti ń bàjẹ́, àti ohun tó ń bà á jẹ́.

*

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì

Ìbéèrè rẹ dára, àmọ́ o sọ ọ́ bí ẹni pé owó ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọ ilé-ìwé ìjọ ni. Ó ti wà níbẹ̀ láti ayé Òyìnbó. Òfin ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣe fún Èkó ní ọdún 1887 ti fi ètò ìrànwọ́ owó lélẹ̀ fún ilé-ìwé míṣọ́n. Ìjọ ló kọ́ ilé, ìjọ ló gba tíṣà, ìjọba ń gbé owó sílẹ̀, ó sì ń rán ìnsípẹ́kítọ̀ wá wo iye ọmọ tó ń wá déédéé àti bí wọ́n ṣe mọ̀wé sí. Bó ṣe ń lọ nìyẹn títí dé ìgbà Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba kò lè kọ́ gbogbo ilé-ìwé tó nílò lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀dọ̀ àwọn míṣọ́n àti ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n kó àwọn ọmọ lọ, tí wọ́n sì ń sanwó fún wọn.

Àárín ọdún 1970 sí 1979 ni àwọn ìjọba ológun gba ilé-ìwé wọ̀nyí, ìpínlẹ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn. Apá Ìlà-Oòrùn ló ṣíwájú, kété tí ogun abẹ́lé parí. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè dé ní 1976, ó ti hàn pé ìjọba fẹ́ kí gbogbo tíṣà wà lábẹ́ ọ̀gá kan, kí owó oṣù wọn jẹ́ ọ̀kan náà.

Ibi tí wàhálà ti wọlé rèé. Wọ́n gba ilé, wọ́n gba tíṣà, wọ́n gba ọmọ. Àmọ́ wọ́n fi orúkọ sílẹ̀ bó ṣe wà, Saint yìí, Baptist tọ̀hún, Ansar-Ud-Deen ibòmíràn. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ìwé ilẹ̀ ṣì wà lórúkọ àwọn alábòójútó ohun-ìní ìjọ. Oko kì í jẹ́ ti baba tọmọ kó má láàlà. Wọn ò fi ààlà sí i. Ìjà tí à ń jà lónìí, ìjà ààlà ni kó tó di ìjà ẹ̀sìn.

*

Alfa Olùkọ́

Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó kù kún un, torí bí a kò bá sọ ọ́, á dà bí ẹni pé àwọn Mùsùlùmí kàn ń wá ìjà ni.

Nígbà tó jẹ́ pé ilé-ìwé míṣọ́n nìkan ló wà nítòsí, iye kan wà tí ọmọ Mùsùlùmí ń san yàtọ̀ sí owó. Ọmọ tí wọ́n sọ ní Sùlèmánù nílé á di Solomon ní kíláàsì, a sì máa lọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ilé-ìwé ni wọ́n wò sọ ọmọ yìí lórúkọ. Ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tó mú kí àwọn Mùsùlùmí Èkó dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní ọdún 1923, kí ọmọ wọn lè kàwé láìfi ẹ̀sìn sílẹ̀. Nawair-Ud-Deen àti àwọn míì tẹ̀ lé wọn. Wọ́n dáwó, wọ́n kọ́ ilé, wọ́n gba tíṣà.

Ìjọba gba àwọn náà! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Nígbà tí wọ́n bá ń sọ pé “dá ilé-ìwé padà fún onílé,” kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni onílé. Ọmọ Kìrìsìtẹ́nì pọ̀ nínú ilé-ìwé tó ń jẹ́ Ansar-Ud-Deen. Bí ìjọ bá ní ẹ̀tọ́ láti fi owó ìjọba sọ pé hìjáàbù kò gbọdọ̀ wọ ọgbà àwọn, ẹgbẹ́ Mùsùlùmí náà á ní ẹ̀tọ́ láti fi owó ìjọba sọ pé gbogbo ọmọbìnrin tó bá wọ ọgbà tiwọn gbọ́dọ̀ bo orí. N kò fẹ́ ìkíní, n kò fẹ́ ìkejì.

*

Ọmọ Wesley

Alfa, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yín lórí orúkọ, òótọ́ ni, ó sì burú. Àmọ́ ẹ má jẹ́ ká fi ìyẹn pa ohun tí ìjọ ṣe mọ́lẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn Mẹ́tódíìsì ti gúnlẹ̀ sí Bàdágìrì ní 1842, ilé-ìwé ni wọ́n ń kọ́ tẹ̀ lé ṣọ́ọ̀ṣì. CMS Grammar School ti ṣílẹ̀kùn ní Èkó ní 1859. Kò sí ìjọba kankan tó bá àwọn ará ìlú kékeré ru òkúta àti omi lọ síbi tí wọ́n ti ń mọ kíláàsì. Ẹni tó lẹrú ló lẹrù.

Kí ló sì ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ìjọba gbà á? Ilé ńlá tí ìjọ kọ́ kò rí ẹni tún òrùlé rẹ̀ ṣe. Ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ di àkísà, wọ́n tì í. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ló ń dáwó kọ́ gbọ̀ngàn, tún ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì ṣe, gbẹ́ kànga. Wọn kì í sì í dáwó fún ìjọba, orúkọ tó wà lára báàjì wọn ni wọ́n ń dáwó fún. Bí ẹ bá pa orúkọ náà rẹ́, owó yẹn tán.

Ìwà ọmọ kì í ṣe ohun tí ẹ lè yọ kúrò lára àdúrà àárọ̀ kí ó sì dúró. Ẹ̀sìn ló mú kí olùkọ́ ayé ìjọun dúró ti ọmọ lẹ́yìn agogo méjì ọ̀sán.

*

Lọ́yà Òkè-Àdó

Ẹ jẹ́ ká dé ìdí òfin, torí àárín ọ̀rọ̀ yín méjèèjì ló wà.

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999, abala 10, sọ pé ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀sìn kankan di ẹ̀sìn ìjọba. Abala 38 ló ṣe pàtàkì jù fún wa. Ìpín kìíní rẹ̀ fún olúkúlùkù ní òmìnira ẹ̀sìn àti ti fífi ẹ̀sìn náà hàn. Ìpín kejì sọ pé wọn kò gbọdọ̀ fi dandan mú ọmọ kankan ní ilé-ìwé láti gba ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, tàbí láti bá wọn ṣe ìsìn, tí kì í bá ṣe ti ẹ̀sìn tirẹ̀ tàbí èyí tí òbí rẹ̀ fọwọ́ sí. Ìpín kẹta ni àwọn ìjọ fẹ́ràn láti tọ́ka sí: a kò gbọdọ̀ dí ìjọ kankan lọ́wọ́ láti kọ́ àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, ní ilé-ìwé tí ìjọ náà ń gbé ró *pátápátá*.

Pátápátá. Gbólóhùn yẹn ni ẹjọ́ rọ̀ mọ́. Lọ́jọ́ tí ìjọba bá ti ń san owó oṣù, kódà kó jẹ́ ti tíṣà márùn-ún, ìjọ kò lè sá sábẹ́ ìpín kẹta mọ́. Bó bá sì jẹ́ ìjọ ló ń san gbogbo rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè yọ ọ́ lẹ́nu. Nígbà tí ìjọba Èkó fẹ́ fòpin sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni ní 1980, Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Kátólíìkì Anthony Okogie àti àwọn kan gbé e lọ sílé-ẹjọ́, ẹ̀tọ́ láti dá ilé-ìwé sílẹ̀ sì dúró.

Ẹ wá wo bí ìdájọ́ ṣe ń tò tẹ̀ léra. Ní Òṣogbo, ọjọ́ 3 oṣù kẹfà 2016, Onídàájọ́ Jide Falola sọ pé ọmọ Mùsùlùmí lè wọ hìjáàbù ní ilé-ìwé ìjọba ní Ọ̀ṣun. Ní 2019, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Ìlọrin dá ẹjọ́ àwọn ilé-ìwé tó ń jẹ́ orúkọ míṣọ́n tí ìjọba ń sanwó fún, ó ní ilé-ìwé gbogbo èèyàn ni wọ́n. Ọjọ́ 17 oṣù kẹfà 2022 ni ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ dá ẹjọ́ hìjáàbù ti Èkó: adájọ́ márùn-ún gbà pé kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ wọ̀ ọ́, méjì kò gbà.

Nítorí náà, Ọmọ Wesley, òwe yín dára, àmọ́ ẹrú ti ń jẹun nílé ẹlòmíràn láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún. Ẹ ó bi ẹni tó ń bọ́ ọ náà.

*

Àbẹ̀kẹ́ Peckham

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ibi tí mo wà yìí, ohun tí Ọmọ Ìgbómìnà ń bẹ̀rù ni òfin. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ilé-ìwé tí ìjọba ń sanwó fún ní England ló jẹ́ ti ẹ̀sìn, ti Áńgílíkà àti Kátólíìkì ló pọ̀ jù, ti Júù, ti Mùsùlùmí, ti Síkì àti ti Híńdù náà sì wà. Òfin ẹ̀kọ́ 1944 ló to ètò náà, ó sì pín in sí méjì tó ṣe kókó.

Oríṣi kan ni wọ́n ń pè ní voluntary aided. Ìjọba ń san owó oṣù àti gbogbo ìnáwó ojoojúmọ́. Ìgbìmọ̀ ilé-ìwé, tí ìjọ yan èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ló gba tíṣà síṣẹ́, òun ló ń ṣètò bí ọmọ ó ṣe wọlé, òun ló sì gbọ́dọ̀ wá ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó àtúnṣe ilé ńlá. Wọ́n lè wo ẹ̀sìn tí wọ́n bá ń gba tíṣà. Oríṣi kejì ni voluntary controlled. Ilẹ̀ lè jẹ́ ti ìjọ, orúkọ sì lè jẹ́ ti ẹni mímọ́ yìí tàbí tọ̀hún, ṣùgbọ́n kánsù ni agbanisíṣẹ́, kánsù ló sábà ń pinnu ìgbàwọlé, kò sì ju ìdá kan nínú márùn-ún àwọn tíṣà tí wọ́n lè gbà nítorí ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn.

Ní oríṣi méjèèjì, òbí lè kọ lẹ́tà pé kí wọ́n yọ ọmọ òun kúrò nínú ìsìn àárọ̀ àti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn. Wọn kì í bi í léèrè ìdí.

Ibi tó ti ń dun àwọn ọmọ Yorùbá níhìn-ín ni ìgbàwọlé. Fọ́ọ̀mù kánsù nìkan kò tó. Ilé-ìwé ẹlẹ́sìn ní fọ́ọ̀mù àfikún tirẹ̀, tí ẹ ó dá padà sí ilé-ìwé náà fúnra rẹ̀. Fún ilé-ìwé girama, ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ni òpin fọ́ọ̀mù kánsù, èsì á jáde ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta. Fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 15 oṣù kìíní, èsì ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin. Òbí tí kò bá dá fọ́ọ̀mù àfikún padà, ìlà ẹ̀yìn ni wọ́n máa to ọmọ rẹ̀ sí, bó ti wù kó máa lọ ṣọ́ọ̀ṣì tó. Kátólíìkì máa ń béèrè ìwé ìrìbọmi. Àwọn Áńgílíkà kan ń béèrè kí àlùfáà fọwọ́ sí i pé ẹ ti ń wá fún ọdún kan tàbí méjì. Àwọn míì gba ìjọ mìíràn, bí ìjọ náà bá wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ìjọ tó ń jẹ́ Churches Together in England tàbí Evangelical Alliance. Ìjọ kékeré tó ń ṣe ìsìn nínú ilé ìtajà tí kò sí nínú ìkankan lè má bá a mu, olùṣọ́-àgùntàn yín kò sì ní mọ̀ títí ọjọ́ yóò fi kọjá.

Ohun tí èyí bí kò dára. Òbí tí kò gbàgbọ́ á máa jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì fún ọdún méjì nítorí ibùwọ̀lúwẹ̀. Ọmọ aládùúgbò tí ilé rẹ̀ kò ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ á wọ bọ́ọ̀sì méjì lọ sí ilé-ìwé mìíràn, bẹ́ẹ̀ sì ni owó orí òbí rẹ̀ wà nínú èyí tó fojú rí láti fèrèsé.

*

Ọmọ Ìgbómìnà

Ṣé a lè mú èyí tí wọ́n ń pè ní controlled yẹn wálé? Kí orúkọ àti ilẹ̀ jẹ́ ti ìjọ, kí ìjọba máa ṣe ìyókù?

*

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì

Ohun tí a ní nìyẹn tẹ́lẹ̀, àbúrò, ìwé àdéhùn nìkan ni kò sí níbẹ̀. Àmọ́ èyí tí àwọn ìjọ ń béèrè fún jọ ti àkọ́kọ́, aided. Wo bó ṣe máa rí lọ́fíìsì.

Tíṣà girama ìjọba wà lábẹ́ ìgbìmọ̀ olùkọ́ ìpínlẹ̀. Ìgbìmọ̀ yìí ló gbà á, òun ló ń gbé e láti ilé-ìwé kan sí òmíràn, òun ló ń gbé e sókè ní ipele, òun ló sì máa fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ fún owó ìfẹ̀yìntì. Ká wá ní ìjọ ló ń yan ọ̀gá ilé-ìwé. Igbákejì ọ̀gá tó kàn láti gorí àga lè jẹ́ Mùsùlùmí tó ti wà ní ipele rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Ìjọ á ní ẹni tàwọn kọ́ ni. Kí ni ìgbìmọ̀ olùkọ́ ó kọ sínú fáìlì rẹ̀? Pé ó tóótun, àmọ́ ẹ̀sìn rẹ̀ kò tóótun? Abala 42 ìwé òfin kan náà kò fàyè gba irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kúérì náà ńkọ́? Bí ọ̀gá tí ìjọ yàn bá fún tíṣà ìjọba ní kúérì nítorí pé kò wá síbi àdúrà àárọ̀, ta ló máa gbọ́ ẹjọ́ náà?

Owó kíkọ́ ilé tún wà níbẹ̀. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, UBE, ti 2004 ya ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó àpapọ̀ ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ìpínlẹ̀ náà sì gbọ́dọ̀ gbé ìpín tirẹ̀ kalẹ̀ kó tó rí i gbà. Ilé-ìwé ìjọba ni wọ́n ń fi í ṣe. Ọ̀gá SUBEB, ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ìpínlẹ̀, wo ló máa fi orúkọ ilé-ìwé tí ilẹ̀ rẹ̀ wà lẹ́jọ́ síwájú fún kíláàsì tuntun? Kò ní fi í. Àwọn ọmọ ibẹ̀ á máa kàwé lábẹ́ òrùlé jíjò títí ẹjọ́ á fi parí, ẹjọ́ náà sì lè ju ọdún mẹ́wàá lọ.

Dídá a padà pátápátá náà ní ìṣirò tirẹ̀. Ìjọba Èkó dá àwọn kan padà ní 2001. Wọ́n di ilé-ìwé tí òbí ń sanwó fún, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti dára sí i gan-an, n kò jiyàn. Àmọ́ ká ní ọmọ 900 ló wà nínú ilé-ìwé kan tí wọ́n fẹ́ dá padà. Bí kíláàsì kan bá gba ogójì, yàrá 23 ni ìjọba gbọ́dọ̀ ti rí nítòsí kí ọjọ́ ìfàlélọ́wọ́ tó pé. Bí kò bá rí i, ọmọ alátà tí kò lè san owó tuntun ló máa dúró sílé.

*

Ọmọ Awo

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹ̀sìn méjì péré ló wà nílẹ̀ Yorùbá.

Ọmọ oníṣẹ̀ṣe dé ilé-ìwé ìjọba, orin ìyìn Kìrìsìtẹ́nì ni láàárọ̀ Mọ́ńdè, Fátíhà ni ní Túsìdè, bí wọ́n bá tiẹ̀ ń pín in. Àkókò ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn dé, CRK ti Kìrìsìtẹ́nì tàbí IRK ti Mùsùlùmí. Kò sí ẹ̀kẹta. Tíṣà á ní “mú ọ̀kan,” òbí á mú ọ̀kan kí ọmọ lè ní máàkì. Abala 38 ìpín kejì tí Lọ́yà kà, ọmọ yìí gan-an ni wọ́n kọ ọ́ fún, òun sì ni kì í rí i lò. Àwọn ìpínlẹ̀ mélòó kan ti ya ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ sọ́tọ̀ fún Ìṣẹ̀ṣe, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ìsinmi gígùn ni ilé-ìwé máa ń wà lákòókò náà, kò kan kíláàsì rárá.

Bí ilé-ìwé bá di ti ìjọ tí ìjọba ń sanwó fún, ta ló máa rántí ọmọ mẹ́ta nínú ọgọ́fà?

*

Alfa Olùkọ́

Ọmọ Awo, ó dùn mí pé òótọ́ lẹ sọ. Ẹ jẹ́ kí n fi tábìlì ẹ̀kọ́ hàn yín, torí ibẹ̀ ló ti ṣeé yanjú.

Ilé-ìwé tó ń lo àkókò mẹ́jọ lójúmọ́ ní ogójì lọ́sẹ̀. Àṣìṣe tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń fi CRK sí àkókò kan, IRK sí òmíràn, kí tíṣà kan lè máa yí ká. Nígbà CRK, ọmọ Mùsùlùmí á jókòó sẹ́yìn kíláàsì máa gbọ́ tàbí kó máa rìn kiri ọgbà. Ẹ gbé méjèèjì sí wákàtí kan náà fún JSS1 A, B àti C lápapọ̀. Ká ní ọmọ 120 ni wọ́n: 65 lọ sí yàrá kan, 52 lọ sí èkejì, mẹ́ta lọ sí yàrá ìkàwé pẹ̀lú iṣẹ́ tí a kọ sílẹ̀ fún wọn. Àgbàlagbà mẹ́ta ni èyí nílò lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ilé-ìwé bá ní tíṣà ẹ̀sìn kan ṣoṣo, ètò náà fọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọ̀gá ilé-ìwé tí kò béèrè ẹnìkejì lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ló jẹ̀bi. Àwọn mẹ́ta yẹn, ẹ má fi máàkì ẹ̀sìn dù wọ́n ní ipò. Kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò àpapọ̀ wọn.

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀: ẹ jẹ́ kí àkókò ìkẹyìn parí ṣáájú agogo kan ọ̀sán, kí ẹ fi ìṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀ kún ọjọ́ mẹ́rin yòókù dípò rẹ̀.

Hìjáàbù: kí àwọ̀ rẹ̀ bá yunifọ́ọ̀mù mu, kó kúrú tó kí báàjì hàn, kó ṣeé tẹ̀ bọ inú aṣọ ní yàrá sáyẹ́ǹsì níbi tí iná gáàsì wà. Kí ilé-ìwé kọ ọ́ sínú ìwé òfin rẹ̀ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Níbi tí wọn ò ti kọ ọ́, ẹnu géètì ni wọ́n ti ń pinnu rẹ̀, àwọn àgbàlagbà sì ti dé ibẹ̀ kí àwọn ọmọ tó dé.

*

Ọmọ Wesley

Ọ̀rọ̀ géètì yẹn gbá mi láyà. Ní Ìwó ní 2016, lẹ́yìn ìdájọ́ Òṣogbo, àwọn ọmọ kan wọ aṣọ kọ́áyà àti sùtánà wá sí kíláàsì. Kwárà ti ilé-ìwé mẹ́wàá pa nítorí ìjà hìjáàbù ní oṣù kejì 2021; ọjọ́ tí wọ́n ní kí wọ́n ṣí i padà ní oṣù kẹta, òkúta ni wọ́n ń jù lu ara wọn níwájú géètì. Ìjàgbó ní 2022, èèyàn kú. N kò lè gbèjà èyíkéyìí nínú rẹ̀, bó ti wù kí ìjọ ní ìwé ilẹ̀ tó.

Síbẹ̀ n kò tíì gbà pé kí ìjọ kàn máa wò. Bí Mẹ́tódíìsì bá ní ilẹ̀, kí ó ní ìjókòó nínú ìgbìmọ̀ ilé-ìwé. Kí wọ́n má yí orúkọ padà. Kí wọ́n jẹ́ kí ó ṣe ayẹyẹ ìdásílẹ̀ lọ́dọọdún, kí ẹni tó bá fẹ́ wá. Ṣé ìyẹn pọ̀ jù?

*

Lọ́yà Òkè-Àdó

Kò pọ̀ jù. Ìjókòó méjì nínú mẹ́sàn-án, mo lè kọ ìyẹn sínú àdéhùn lónìí. Èyí tí n kò ní kọ ni kí ìjókòó náà ní àṣẹ lórí ẹni tó wọlé, ẹni tó ń kọ́ni, tàbí ohun tí ọmọ fi borí. Ibi tí owó gbogbo wa bá dé, géètì gbọ́dọ̀ ṣí fún ọmọ gbogbo wa.

Ọmọ Ìgbómìnà, bí ọ̀rọ̀ yìí bá dé ìlú rẹ, iṣẹ́ wà fún ẹ̀yin òbí kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ sí ẹ̀ka ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ ní olú-ìlú ìpínlẹ̀ pẹ̀lú ìwé sọ̀fíò ọgbà náà, ẹ sanwó ìwádìí, kí ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù. Ẹ wò ó bóyá ìjọ ló ra ilẹ̀ náà, tàbí ìdílé kan ló fi ta wọ́n lọ́rẹ. Bó bá jẹ́ ọrẹ, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ dáadáa: “fún ìjọ” yàtọ̀ sí “fún ilé-ìwé.” Ìdílé tó fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ilé-ìwé lè dìde bí wọ́n bá fẹ́ fi í ṣe nǹkan mìíràn, ẹ ó wá rí i pé ẹni mẹ́ta ló wà nínú ẹjọ́ tí ẹ rò pé ẹni méjì ni. Ẹ má sì gbàgbé òfin ilẹ̀ ti 1978, gómìnà ló di gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ mú fún àǹfààní gbogbo èèyàn.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè òfin tí ìjọba ológun fi gba ilé-ìwé náà, nínú ìwé ìròyìn ìjọba, kí ẹ wo bóyá orúkọ ilé-ìwé yín wà nínú àkójọ tó tẹ̀ lé e. Ẹ kọ iye ilé tó wà nínú ọgbà sílẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tó kọ́ ọ àti ọdún tó kọ́ ọ: ti ìjọ, ti ìjọba, ti akẹ́kọ̀ọ́jáde, ti ẹgbẹ́ òbí. Ẹ ya fọ́tò wọn. Kí olórí ẹgbẹ́ òbí àti ọ̀gá ilé-ìwé jọ fọwọ́ sí i, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ baálẹ̀.

Ìwé yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ nípàdé, kí ẹnikẹ́ni tó gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀.